Fáìlì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí "Kí Ni Kí N Fi Ṣí I?" Ṣe Yí Padà Láti Ayé DOS Títí Di Òní

Ẹ tẹ fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí. Àpótí kékeré kan yọjú, ó ń bi yín pé áàpù wo lẹ fẹ́ fi ṣí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tẹ ohun àkọ́kọ́ tí ojú wọn bá rí níbẹ̀, kí àpótí náà ṣáà lè kúrò lọ́nà. Èmi rò pé àpótí yẹn tọ́ sí ìfarabalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń jẹ́wọ́ pé òun kò mọ nǹkan, tó sì ń gbé ẹrù náà lé yín lórí. Bó ṣe ń jẹ́wọ́ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Kí ló fà á gan-an tí kọ̀ǹpútà fi máa ń sọ pé òun kò mọ fáìlì kan?

Nọ́ńbà ni fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́tò, orin, lẹ́tà, ìwé ìṣirò owó, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú díìsìkì. Kí kọ̀ǹpútà tó mọ áàpù tó yẹ kó pè, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan tó máa júwe fáìlì náà fún un, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà tó lè gbà rí i. Ó lè wo ìrù orúkọ rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tó wà lẹ́yìn àmì ìdúró, bíi .txt tàbí .pdf. Ó lè wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fáìlì náà níbi tí kò ti hàn nínú orúkọ. Ó sì lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó ka nọ́ńbà mélòó kan tó wà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Windows gbọ́kàn lé ìrù orúkọ. Macintosh àtijọ́ gbọ́kàn lé àmì. Unix àti àwọn ọmọ rẹ̀, bíi Linux, máa ń yẹ inú wò. Ìgbà tí ọ̀nà tí wọ́n gbọ́kàn lé bá já wọn kulẹ̀ ni wọ́n tó máa wá bá yín.

Nígbà ayé DOS, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì tí wọn kò mọ̀?

Ní ayé MS-DOS, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà ṣáájú Windows, tó jáde ní 1981, a kì í pe fáìlì. Prógíráàmù là ń pè (áàpù kan náà ni, orúkọ ìgbà yẹn nìyẹn), òun ló máa wá bi wá pé fáìlì wo. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, ìrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ọ̀dọ̀ CP/M, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọwọ́ Gary Kildall láti àwọn ọdún 1970, ni DOS ti jogún ètò yìí, CP/M náà sì rí i lára àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ DEC. Ìrù mẹ́ta péré ni DOS fúnra rẹ̀ kà sí: .COM, .EXE àti .BAT, torí àwọn ni ó lè mú ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ orúkọ lẹ́tà kan tí ẹ ti kọ, "Bad command or file name" ni ó máa fi dá yín lóhùn, bí ẹni pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí fáìlì àjèjì jẹ́ á lo àṣẹ TYPE, tó ń da inú fáìlì sójú ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ó kà á. Bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀, àmì rúdurùdu á kún ojú ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà á sì máa dún "píì, píì", nítorí nọ́ńbà 7 nínú fáìlì jẹ́ àṣẹ fún un pé kó dún. Kò sí àpótí kankan, kò sì sí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Inú orí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ni gbogbo ìmọ̀ wà.

Mo gbọ́ pé Macintosh àtijọ́ kò nílò ìrù orúkọ rárá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, àti títí di òní mo ṣì ka ọ̀nà yẹn sí èyí tó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn jù. Láti 1984 ni Macintosh ti ń lẹ àmì méjì mọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin. Ọ̀kan sọ irú ohun tí fáìlì náà jẹ́, èkejì sọ prógíráàmù tó bí i. Lẹ́tà tí wọ́n fi TeachText kọ, TEXT ni irú rẹ̀, ttxt ni òbí rẹ̀. Orúkọ fáìlì wá di ti yín pátápátá, ẹ lè kọ ohunkóhun tó bá wù yín síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tí irú wọn bára mu lè wà nínú fódà kan náà, kí ẹ tẹ ọ̀kan kó lọ bá prógíráàmù tó bí i, kí ẹ tẹ èkejì kó lọ bá ti tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí òbí kò bá sí nínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ parí. Macintosh á sọ fún yín pé fáìlì náà kò ṣeé ṣí nítorí òun kò rí prógíráàmù tó ṣẹ̀dá rẹ̀, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló sì wà láti tẹ̀: OK. Fáìlì ọ̀hún lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí prógíráàmù mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ yẹn lè kà, kò ní dárúkọ ọ̀kankan fún yín. Èyí tó bá sì ti ọ̀dọ̀ DOS wá kò ní àmì lára rárá, bébà funfun lásán ló máa hàn bí. Nínú àwọn ọdún 1990 ni Apple ṣe Macintosh Easy Open, tó ń wá prógíráàmù mìíràn tó lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tó sì ń tò wọ́n síwájú yín. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe dára: kò to ohun tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ohun tó lè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Mac OS X dé ní 2001, ìrù orúkọ wọlé sórí Mac pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2005, ẹ̀dà Mac OS X tó ń jẹ́ Tiger mú ètò orúkọ tuntun wá, irú bíi public.jpeg, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé JPEG jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àwòrán. Nígbà tó di 2009, ẹ̀dà tó ń jẹ́ Snow Leopard kò ka àmì òbí sí mọ́. Ó dun àwọn tó ti lo Mac pẹ́, ó sì yẹ kó dùn wọ́n.

Windows tó ṣáájú Windows 95 ńkọ́?

Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ WIN.INI ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ní ìlà-ìlà: ìrù yìí, prógíráàmù yìí. Bí ẹ bá tẹ fáìlì tí ìrù rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nínú File Manager, ó máa sọ pé kò sí prógíráàmù tó bá fáìlì yìí tan. Windows 3.1, ní 1992, tún fi kún un pé kí ẹ lọ yan "Associate" nínú mẹ́nù bí ẹ bá fẹ́ so wọ́n pọ̀. Ìmọ̀ràn ni, àbí? Ó kéré tán, ẹ̀rọ ti ń tọ́ka sí ọ̀nà. Àmọ́ ẹ ní láti mọ ohun tí "Associate" túmọ̀ sí kí ẹ tó lè rìn ín.

Ìgbà wo ni àpótí "Open With" tí gbogbo wa mọ̀ wá dé?

Windows 95 ló gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995. Fáìlì tí kò mọ̀ máa ń ní àwòrán bébà funfun pẹ̀lú àsíá Windows láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àpótí náà yọ, ó dárúkọ fáìlì yín, ó ní kí ẹ tẹ prógíráàmù tí ẹ fẹ́ fi ṣí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to gbogbo prógíráàmù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows sí, láti A dé Z. Bọ́tìnì "Other" wà fún ẹni tí kò bá rí tirẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ihò kékeré kan wà tí wọ́n ń fi àmì sí: kí Windows máa lo prógíráàmù yìí nígbà gbogbo.

Ìyípadà ńlá ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa WIN.INI tàbí "Associate" lè rí ọ̀nà síwájú lójúkan náà tí ọ̀nà ti dí. Mo yìn wọ́n fún un tọkàntọkàn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí yíyàn nínú àkójọ náà. Prógíráàmù orin jókòó ti prógíráàmù àwòrán, ì báà jẹ́ lẹ́tà ni fáìlì yín. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí fáìlì jẹ́, kò gbìyànjú láti yẹ inú rẹ̀ wò, ó kàn da gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ níwájú yín pé kí ẹ mú. Ẹni tí kò mọ fáìlì ni wọ́n ń bi pé kí ló máa ṣí i.

Mo fi Notepad ṣí fọ́tò kan láṣìṣe, gbogbo fọ́tò mi wá di rúdurùdu. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?

Wọn kò bàjẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ohùn ẹkún lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Fọ́tò ìsìnkú bàbá wọn ló wà nínú fódà náà. Ó tẹ ọ̀kan, ó rí àmì bíi "ÿØÿà" àti ìlà-ìlà ohun tí kò ṣeé kà, ó tẹ òmíràn, bákan náà ni. Ó ti ń múra láti kó gbogbo rẹ̀ dànù pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Mo ní kó ka lẹ́tà àkọ́kọ́ mẹ́rin fún mi létí fóònù. Bó ṣe ń júwe y tó ní àmì méjì lórí àti O tí wọ́n fi ìlà gé, ara mi balẹ̀, torí bí ìbẹ̀rẹ̀ JPEG ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí Notepad bá gbìyànjú láti kà á bí ọ̀rọ̀. Fọ́tò wà níbẹ̀ digbí. Ó ti yan Notepad lọ́jọ́ kan láìmọ̀, àmì sì wà nínú ihò "nígbà gbogbo".

Lórí Windows, ẹ tẹ fọ́tò náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, ẹ lọ sí "Open with", ẹ yan "Choose another app", ẹ mú áàpù fọ́tò yín, kí ẹ wá ní kó máa lò ó nígbà gbogbo. Lórí Mac, ẹ yan fáìlì náà, ẹ tẹ Command pẹ̀lú I, ẹ yí "Open with" padà, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ "Change All". Ẹyọ kan lẹ tún ṣe, gbogbo yòókù á tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ tẹ "Save" nígbà tí fọ́tò bá wà nínú Notepad. Wíwò kì í ba fáìlì jẹ́. Fífi pamọ́ láti inú áàpù tí kò yé lè bà á jẹ́ pátápátá.

Mo ka ihò "nígbà gbogbo" yẹn sí ibi tó léwu jù nínú gbogbo àpótí náà. Ìpinnu orí fáìlì kan ni ẹ rò pé ẹ ń ṣe, ti ẹgbẹ̀rún fáìlì lẹ ṣe. Lára àwọn Windows tó tẹ̀ lé 95, wọ́n tilẹ̀ ti máa ń fi àmì síbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé.

Kí nìdí tí Windows fi ń fi ìrù orúkọ pamọ́?

Láti Windows 95 ni. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ fáìlì mọ́ tónítóní bíi ti Macintosh, ṣùgbọ́n wọn kò ní àmì tí Macintosh ní, ìrù náà ni wọ́n ṣì ń lò lábẹ́lẹ̀. Wọ́n wá fi ohun tí ẹ̀rọ ń wò gan-an pamọ́ fún ẹni tó yẹ kó rí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìrù tí Windows bá mọ̀ nìkan ló ń fi pamọ́, èyí tí kò mọ̀ á hàn. Fáìlì tó lè ṣe yín ní jàǹbá, irú bíi .exe tàbí .vbs, Windows mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí náà wọ́n wà lára àwọn tó ń fi pamọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2000, gbogbo ayé rí ohun tó lè ti ibẹ̀ wá. Ímeèlì kan ń tàn káàkiri, ILOVEYOU ni àkọlé rẹ̀, fáìlì tó gbé dání ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí .TXT nìkan, wọ́n gbà pé lẹ́tà lásán ni, wọ́n ṣí i. Àṣẹ ni ó jẹ́. Ó ba fáìlì wọn jẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì wọn. Mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà ni ó wọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìrù máa hàn. Lórí Windows 11, ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ tẹ "View", lẹ́yìn náà "Show", kí ẹ fi àmì sí "File name extensions". Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Mo rántí pé Windows XP máa ń ní kí n lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ìyẹn ń ṣe?

XP jáde ní 2001. Kó tó fi àkójọ prógíráàmù hàn yín, ó máa ń sọ pé òun kò lè ṣí fáìlì yìí, pé òun ní láti mọ prógíráàmù tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fún yín ní ọ̀nà méjì: kí òun lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ fúnra yín yàn láti inú àkójọ. Bí ẹ bá yan ti àkọ́kọ́, ìrù orúkọ nìkan ni ó máa mú lọ sí ojú ewé Microsoft kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ irú fáìlì tí ìrù yẹn sábà máa ń jẹ́.

Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó gba ìgbésẹ̀ kan sí i, ojú ewé náà kì í sì í sábà mọ ìrù tó ṣàjèjì. Síbẹ̀ mo gbèjà rẹ̀. Nínú gbogbo àpótí tí Windows ti ṣe, òun àti àwọn tó jogún rẹ̀ nínú Vista àti Windows 7 nìkan ló gbìyànjú láti sọ ohun tí fáìlì jẹ́ fún yín kó tó bi yín léèrè. Ibi tó ti kùnà ni pé ó ń wá ẹni tó bí fáìlì, bíi Macintosh 1984, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó lè kà á ni ẹ ń wá. Bí ẹnìkan bá fi Photoshop ṣe JPEG ránṣẹ́ sí yín, ẹ kò nílò Photoshop.

Kí ni Windows 8, 10 àti 11 yí padà?

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Ní 2012, Windows 8 pa ọ̀rọ̀ "kò lè ṣí" tì, ó wá ń béèrè pé báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣí irú fáìlì báyìí. Windows 10, ní 2015, béèrè pé báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣí fáìlì yìí. Kò sí ìjẹ́wọ́ mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ ti di ohun tí ẹ fẹ́. Àkójọ náà kúrú sí i, àwòrán áàpù tóbi, ìlà kan sì ń ní kí ẹ lọ wá áàpù nínú Store. Mo ti tẹ ìlà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà nítorí fáìlì àwọn ẹlòmíràn, ohun tó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ ni pé wọ́n ní kí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ gba áàpù tuntun wọlé nítorí rẹ̀.

Windows 8 ṣe ohun dáadáa kan tí kò hàn síta. Ṣáájú rẹ̀, prógíráàmù èyíkéyìí tí ẹ bá fi sórí ẹ̀rọ lè gba ìrù mọ́ra: ẹ fi áàpù orin tuntun sí i, gbogbo orin yín á di tirẹ̀ láìgbàṣẹ. Láti Windows 8, wọ́n fi èdìdì kan sí ìpinnu yín nínú Registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, áàpù tó bá fẹ́ yí i padà fúnra rẹ̀ kò lè bá èdìdì náà mu.

Windows 11 dé ní 2021. Ó ní kí ẹ máa yan áàpù fún ìrù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ bíráúsà sì ráhùn gan-an títí wọ́n fi dá bọ́tìnì kan ṣoṣo padà fún bíráúsà ní 2022.

Lórí Linux, kí ló dé tí fáìlì tí kò ní ìrù fi ń ṣí fúnra rẹ̀?

Nítorí ó ń yẹ inú wò. Unix ti ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ file láti 1973. Ẹ fún un ní fáìlì, á ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Èyí tí Linux ń lò lónìí, Ian Darwin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú àwọn ọdún 1980.

Ọ̀pọ̀ irú fáìlì ló ní ìlà ojú tirẹ̀. PDF bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. GIF bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GIF87a tàbí GIF89a. Ẹ máa rí lẹ́tà PNG ní kété lẹ́yìn àmì àkọ́kọ́ nínú fáìlì PNG. Prógíráàmù DOS àti Windows bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MZ, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Mark Zbikowski tó bá wọn ṣètò rẹ̀ ní Microsoft. ZIP bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, Phil Katz nìyẹn. Bí wọ́n tilẹ̀ sọ fáìlì bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìlà ojú yẹn á fi í hàn.

Orúkọ tí wọ́n ń fi pe àwọn irú yìí, bíi text/plain tàbí image/png, wá láti inú MIME, tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed kọ fún ímeèlì ní 1992. Bí GNOME, ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, kò bá rí áàpù kankan, ó máa ń sọ pé kò sí áàpù tí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ fún irú fáìlì báyìí, ó sì máa ń dárúkọ irú náà gan-an kó tó béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó wá ọ̀kan. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ti Windows.

Orí fóònù ńkọ́?

Android, láti 2008, yí ètò náà po. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló ń kéde irú ohun tí òun lè ṣí. Ẹ tẹ fáìlì, Android á ké sí gbogbo wọn, àwọn tó bá dáhùn nìkan ni ẹ máa rí. Àkójọ oníranù ayé Windows 95 kò sí níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ihò "nígbà gbogbo" wà nísàlẹ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di bọ́tìnì méjì tó hàn gbangba: "Just once" àti "Always". Windows 11 pàápàá ti mú bọ́tìnì méjì yìí lò. Mo fẹ́ràn wọn, torí ẹ kò lè ṣèpinnu tó máa wà títí láìmọ̀ọ́mọ̀.

iPhone ní 2007 kò fi fáìlì hàn ẹnikẹ́ni. Pẹ̀lú iPad ní 2010 ni wọ́n tó lè ti inú áàpù kan gbé ìwé lọ sínú òmíràn pẹ̀lú "Open in", áàpù Files sì dé ní 2017.

Bí kò bá wá sí áàpù tó dáhùn rárá, fóònù á ní òun kò lè ṣí i, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá lo Macintosh 1984 máa mọ ògiri yẹn lójú ẹsẹ̀.

Bí mo bá yí ìrù orúkọ padà, ṣé fáìlì á di irú mìíràn?

Rárá. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ro fáìlì. Bí ẹ bá sọ .png di .jpg, PNG ni ó ṣì jẹ́. Ẹ kàn yí ẹni tí kọ̀ǹpútà máa pè padà ni.

Ẹ lè fi ojú yín rí i. Ẹ mú ìwé .docx kan, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yí ìrù ẹ̀dà náà sí .zip, kí ẹ wá ṣí i. Fódà ni ẹ máa bá nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ word, inú rẹ̀ ni document.xml wà, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà. Bí àwòrán bá wà nínú ìwé náà, ẹ máa rí i nínú fódà media, ẹ sì lè mú un jáde. ZIP ni .docx láti ìbẹ̀rẹ̀, PK wà níwájú rẹ̀. Mo ti fi ọ̀nà yìí yọ àwòrán nínú ìwé tí Word kọ̀ láti ṣí.

Fáìlì kan dé ọwọ́ mi, kò ní ìrù rárá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo bó ṣe tóbi tó: fáìlì tí kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ kò lè jẹ́ fídíò. Lórí Mac, ẹ yàn án, ẹ tẹ bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù. Quick Look, tó ti wà láti 2007, lè fi inú rẹ̀ hàn yín láìṣí áàpù kankan. Lórí Mac tàbí Linux, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ file, ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ fa fáìlì náà síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Lórí Windows, ẹ fi Notepad ṣí ẹ̀dà rẹ̀, ẹ wo lẹ́tà mélòó kan tó ṣáájú, kí ẹ tì í láìfi pamọ́. Bí ẹ bá rí %PDF, ẹ ti mọ ìrù tí ẹ máa fi sí i; bí PK bá ni, ó lè jẹ́ .zip tàbí .docx. Bí ẹ bá rí MZ, ẹ dúró síbẹ̀, prógíráàmù ni.

Kí nìdí tí wọ́n tún fi ń bi mí bóyá ó dá mi lójú, nígbà tí áàpù tó ń ṣí i ti wà?

Ìbéèrè mìíràn nìyẹn, lẹ́yìn ILOVEYOU àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló dé. Láti 2004, pẹ̀lú Service Pack 2 ti Windows XP, Windows ń lẹ àmì mọ́ fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Mac bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2007, Gatekeeper, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ áàpù wò kó tó ṣí, sì tẹ̀ lé e ní 2012. Àmì yẹn ń sọ ibi tí fáìlì ti wá, kò sọ ohun tó jẹ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, pàápàá nítorí àwọn kan mọ ọgbọ́n fífi àmì tí kò hàn sínú orúkọ, U+202E, tó ń mú kí lẹ́tà máa ka láti ọ̀tún sí òsì, kí exe lè dà bí ẹni pé àárín orúkọ ló wà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àpótí yìí, kí ló máa wà nínú rẹ̀?

Ìlà mẹ́rin ni mo máa kọ sórí àkójọ áàpù. Àkọ́kọ́, orúkọ fáìlì pẹ̀lú ìrù rẹ̀ ní kíkún. Ìkejì, ohun tí inú rẹ̀ fi hàn pé ó jẹ́, ní èdè tí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ gbọ́. Ìkẹta, bóyá ìrù àti inú bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, kí ìlà yẹn pọ́n. Ìkẹrin, ibi tí fáìlì ti wá àti ọjọ́ tó wọlé. Ẹ̀rọ ti mọ gbogbo èyí tàbí kó wádìí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àṣẹ file ti ń ṣe ti ìkejì láti 1973. Bí àpótí bẹ́ẹ̀ bá ti wà lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ohun tó máa kà ni pé fọ́tò JPEG ni, ó pé, Notepad ni ó sì ń ṣí i. Kì bá tí sunkún.